Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

A mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá bí ẹ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìwádìí nínú saikọ́lọ́jì ni a fẹ́ sọ. A kò lè bá yín wí, nítorí pé àwa náà ti tòògbé nínú ẹ̀kọ́ yìí rí. Lójú tiwa nígbà náà, ìmọ̀ nípa èrò ọkàn àti ìṣesí ẹ̀dá jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe nínú yàrá ńláńlá ní ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí ó kan olùkọ́ ni pé kí ó mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó sì mọ bí a ti í pa ariwo ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ tí a ṣe kẹ́yìn, èyí tí ó là wá lójú. Nítorí pé àṣìṣe wa wà nínú ìtàn náà, tí ọmọ kan sì jìyà rẹ̀, a rò pé ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà tún un ṣe.

Àwa mẹ́ta ni a rán lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Festac, ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Kíláàsì kẹfà ni a fi lé wa lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a fún àwọn ọmọ náà ní ìṣirò 10 láti ṣe. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún 12, ọmọ Ìgbò tí ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ìṣirò 2 péré ni ó gbà nínú 10. A ní kí wọ́n sọ iye tí 2,650 yóò jẹ́ bí a bá ṣe é ní ọ̀nà mẹ́rin. Ọmọ yìí kọ 824,200. A rẹ́rìn-ín, a sì fi bírò pupa fa igi lé e. Nígbà tí olùkọ́ kíláàsì náà ní kí a kọ èrò wa nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, a kọ ọ́ sí iwájú orúkọ rẹ̀ pé kò ní òye ìṣirò rárá, àti pé ó yẹ kí ó tún kíláàsì náà ṣe. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú kan lọ láti kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a lọ sí Trade Fair láti ra ohun èlò fún ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ọdún 1977 ni a ṣí ọgbà ńlá náà lẹ́bàá òpópónà Àgbádárìgì fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé, ní ọdún kan náà tí a ṣe àjọ̀dún FESTAC láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní dé ọjọ́ 12 oṣù kejì, àjọ̀dún tí ìlú Festac ti gba orúkọ rẹ̀. Lónìí, àwọn oníṣòwò ni ó kún inú ọgbà náà. Ibi tí a ń ta ohun èlò ọkọ̀ níbẹ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi lè ṣìnà nínú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì níhìn-ín, táyà lọ́hùn-ún, àwọn alábàárù tí ń ké pé kí a yà fún àwọn, àti ariwo ọlọ́jà tí kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí a dé ìsọ̀ kan tí a júwe fún wa, ta ni a bá nídìí tábìlì bí kò ṣe ọmọ wa tí ó gba 2 nínú 10!

Ó kí wa tìtìjú-tìtìjú. Pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin ni a fẹ́ rà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3,750 náírà, àti fílítà ọ́ìlì kan tí ó jẹ́ 4,500. Kí a tó mú fóònù jáde láti fi ṣe ìṣirò rẹ̀, ọmọ náà ti dáhùn pé: “Méjì jẹ́ 7,500, méjì mìíràn 7,500, ó di 15,000. Bí ẹ bá fi fílítà kún un, ó di 19,500, sà.” A fún un ní 20,000, ó sì ti na 500 náírà sí wa kí a tó parí ìṣirò tiwa. Yorùbá ni ó fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ìgbò ni ó fi dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn. Pìjìn ni ó sì fi ń bá awakọ̀ kan tí ó dúró lẹ́yìn wa ná ọjà. A wo ara wa lójú, a kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Bí ẹ bá rò pé ìrònú jíjinlẹ̀ ni ó tẹ̀lé e, ẹ ṣì í. Ìwàǹwára ni ó tẹ̀lé e. Kí a tó dé ilé, a ti pinnu pé a ti rí òtítọ́ ńlá kan: pé ọjà ni ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ilé ìwé kò sì kọ́ ọ. Ní Sátidé kejì, a kó ìwé ìṣirò lọ sí Trade Fair. A bẹ àwọn ọlọ́jà tí ó wà nítòsí pé kí wọ́n fún wa ní ọmọkùnrin díẹ̀, wọ́n sì fún wa ní mẹ́fà, tí ọmọ wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. A kọ́kọ́ fi ẹnu bi wọ́n ní iye owó oríṣìíríṣìí ọjà. Lẹ́yìn náà a mú wọn jókòó sórí àpótí, ní ọ̀sán gangan, a fún wọn ní ìwé, a sì dúró lé wọn lórí. Bí a ti rò ó náà ni ó rí. Ohun tí wọ́n fi ẹnu sọ dán mọ́rán, èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé sì wọ́. Inú wa dùn púpọ̀. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ ti ń ronú orúkọ tí a ó fún ìròyìn náà.

Ìgbà náà ni ọ̀gá ọmọ wa na ọwọ́, ó mú ìwé rẹ̀, ó sì rí igi pupa tí a fà sí i. Ó gbé e sókè lójú àwọn oníbàárà, ó ní: “Ṣé ẹni tí kò mọ èyí ni mo gbé owó mi lé lọ́wọ́?” Láti ọjọ́ náà ni ó ti mú un kúrò nídìí tábìlì, tí ó sì ní kí ó máa gbé ẹrù nínú yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí ó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ọmọ náà wá sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ sókè fún ìbéèrè kankan mọ́, bí ó bá sì rí wa, ojú ilẹ̀ ni ó ń wò.

Ọkàn wa bàjẹ́. A kó ara wa lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ wa tí ń kọ́ wa ní saikọ́lọ́jì, a sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bínú sí wa. Ó kàn bi wá ní ìbéèrè márùn-ún, bí a sì ti ń dáhùn ni ilé tí a kọ́ ń wó.

Èkíní, ó ní: “Ta ni ó yan àwọn ọmọ náà?” A dáhùn pé àwọn ọ̀gá wọn ni. Ó ní ọ̀gá wo ni yóò fi ọmọ tí kò já fáfá han àlejò? Ẹni tí ó bá fi èyí tí ó wà lórí àpò díwọ̀n gbogbo ẹ̀wà inú àpò, kò tíì ra ẹ̀wà rí. Ó tún ní bóyá ọjà kọ́ ni ó mú kí ọmọ wọ̀nyẹn yára ní ìṣirò. Ó lè jẹ́ pé èyí tí ó bá yára ni ọ̀gá ń fi sí ìdí tábìlì, tí èyí tí kò yára sì ń gbé ẹrù. Ohun méjì lè máa rìn pọ̀, kí ó má sì jẹ́ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ó rán wa létí pé àwọn ọmọ tí ń jókòó níwájú kíláàsì a máa gba máàkì dáradára, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé àga ni ó gbọ́n.

Èkejì, ó ní: “Nígbà tí àwọn ọmọ náà ń dáhùn, ta ni ó dúró tì wọ́n tí ó mọ ìdáhùn?” A ní àwa ni. Nígbà náà ni ó sọ ìtàn ẹṣin kan fún wa, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hans, ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Olùkọ́ ìṣirò tí ó ti fẹ̀yìn tì, Wilhelm von Osten, ni ó ni ín. Bí a bá bi ẹṣin náà ní ìṣirò, yóò máa fi pátákò lu ilẹ̀ títí yóò fi pé iye tí ó tọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹṣin náà mọ ìṣirò ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n Oskar Pfungst yẹ ọ̀ràn náà wò, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1907: bí ẹni tí ń bi ẹṣin náà kò bá mọ ìdáhùn, ẹṣin náà kò lè mọ̀ ọ́n. Ìmìrì orí kékeré tí ẹni náà ń ṣe láìmọ̀, nígbà tí iye náà bá pé, ni ẹṣin ń wò. Olówó ẹṣin náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Òun tìkára rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. Mélòó nínú ìdáhùn tí a ń gbà ní kíláàsì ni ó jẹ́ pé ojú wa ni ọmọ kà á sí?

Ẹ̀kẹta, ó ní: “Èwo ni ó ṣáájú, ti ẹnu ni tàbí ti ìwé?” A ní ti ẹnu ni ó ṣáájú fún gbogbo wọn. Ó ní ṣé ebi kò tíì máa pa wọ́n nígbà tí ó kan ti ìwé, tí oòrùn sì mú? Ó rán wa létí Gídíónì nínú Bíbélì, ẹni tí irun àgùtàn rẹ̀ kọ́kọ́ tutù nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n tí kò dúró lórí èyí, tí ó tún bẹ̀bẹ̀ pé ní òru kejì kí irun gbẹ kí ilẹ̀ sì tutù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ a máa yí ọ̀ràn náà padà, a sì tún un wò.

Ẹ̀kẹrin, ó ní: “Ta ni ẹ fi wọ́n wé?” A kò fi wọ́n wé ẹnìkan. Ó mẹ́nu ba Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní Bábílónì, tí wọ́n fi ọjọ́ 10 jẹ oúnjẹ tiwọn, tí wọ́n sì ní kí a fi ojú àwọn wé ti àwọn tí ń jẹ oúnjẹ ọba. Ó ní ohun kan náà ni a ṣe nílé wa níhìn-ín. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kan ń fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn mìíràn, tí a fi ṣe ìfiwéra, lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìròyìn àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà ni pé àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ títí dé òpin kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tayọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Síbẹ̀ olùkọ́ wa kò jẹ́ kí a yára pàtẹ́wọ́. Ó ní a fún àwọn ọmọ tí ó ń lo Yorùbá ní olùkọ́ àkànṣe fún Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ohun méjì bá yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò sọ èyí tí ó ṣe iṣẹ́ náà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mọ̀? Kò sọ ọ́ láti bu iṣẹ́ náà kù, nítorí pé ó bu ọlá fún un gidigidi. Ó sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé a máa ń bi iṣẹ́ tí a bá bọ̀wọ̀ fún pàápàá léèrè.

Ó sì fi yé wa pé àwọn mìíràn ti rìn ní ọ̀nà tí àwa sáré gbà. Ní 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn ọmọ tí ń tajà ní ìlú Recife ní ilẹ̀ Brazil. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ náà rajà gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, wọ́n sì gba ìdáhùn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìṣirò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ṣe lọ́jà padà wá fún un ní ọ̀nà ti ilé ìwé. Lọ́jà, wọ́n gba 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a kọ ọ́ bí ìṣirò lásán, wọ́n gba nǹkan bíi 37. Nígbà tí a fi ìtàn kékeré yí i ká, wọ́n gba nǹkan bíi 74. Ọmọ 5 péré ni wọ́n, ti ọjà ni ó sì ṣáájú fún wọn náà, nítorí náà kò yẹ kí a fi í búra. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí wọ́n ti rọra ṣe é: ọmọ kan náà, ìṣirò kan náà, kìkì ọ̀nà tí a gbà bi í léèrè ni ó yàtọ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ó dùn wá jùlọ. Ó ní: “Ta ni ó fún yín ní àyè?” A ní àwọn ọ̀gá ni. Ó ní: “Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ sọ fún wọn pé wọ́n lè kọ̀? Ǹjẹ́ ẹ pa ìwé wọn mọ́ kúrò lójú ẹlòmíràn?” A dákẹ́.

Nígbà náà ni a padà lọ sí Trade Fair láti tọrọ àforíjì. Ọ̀gá ọmọ náà ń ka rìsíìtì rẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a parí, ó gbé ojú sókè, ó ní: “Ẹ̀yin tíṣà, lánàá ẹ ní kò mọ̀ ọ́n, lónìí ẹ ní ó mọ̀ ọ́n. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?” A kò lè dá a lóhùn. Bí a bá ní kí ó gba èyí tí a sọ kẹ́yìn, kí ni ìdí rẹ̀ tí yóò fi gbà á? Ọ̀rọ̀ lásán ni tàná, ọ̀rọ̀ lásán ni tòní. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a tún un wò dáradára, ó sì gbà. A bi ọmọ náà pẹ̀lú. A sọ fún un pé ó lè kọ̀, a kò sì ní bínú. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí a má ṣe é ní ọjà. A gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ilé ìwé, ní òwúrọ̀, nínú yàrá tí ó dákẹ́, a ṣètò ìṣirò 10 fún ẹnu àti 10 tí ó jọ wọ́n fún ìwé, a sì yẹra fún iye owó ọjà tí ó lè ti há sórí. A pín in sí ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kan ti ìwé ni ó ṣáájú, ní ọjọ́ mìíràn ti ẹnu ni. Ẹlẹgbẹ́ wa kan tí a kò fi ìdáhùn hàn ni ó bi í ní ti ẹnu, kí ó má baà fi ojú sọ fún un. Ó gba 9 nínú ti ẹnu, ó sì gba 3 nínú ti ìwé. Nígbà tí ó kan 1,350 ní ọ̀nà méje, ó ní: “Ẹgbẹ̀rún méje, 350 méjì jẹ́ 700, ẹ̀ẹ̀mẹta rẹ̀ jẹ́ 2,100, ó ku 350, ó di 2,450, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 9,450.”

Lẹ́yìn èyí ni a tó mú ìwé àkọ́kọ́ tí a fi rẹ́rìn-ín jáde, tí a sì wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. 824,200. Ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó. Mẹ́rin lọ́nà méjì jẹ́ 8. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 24. Mẹ́rin lọ́nà márùn-ún jẹ́ 20. Èyí tí ó kẹ́yìn jẹ́ 0. Ọmọ náà kò ṣi ọ̀kankan nínú wọn! Ó kàn kọ wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni, 8, 24, 20, 0, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi yé e pé ipò tí nọ́ńbà wà ni ó ń sọ iye rẹ̀. Ìdáhùn tí a pè ní òmùgọ̀ ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ kìn-ín-ní ohun tí ó yẹ kí a kọ́ ọ. Àwa ni kò gbọ́.

A fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ ní títo nọ́ńbà sí abẹ́ ara wọn, ní kíkà á ní owó: ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, ẹ̀wá, ẹyọ. Nígbà tí a tún dán an wò lórí ìwé, ó gba 7. A kò lè búra pé ẹ̀kọ́ wa ni ó ṣe é, nítorí pé olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ náà kò dákẹ́, a kò sì ní ọmọ mìíràn tí a fi í wé. Ohun tí a mọ̀ ni ohun tí a sọ: pé ọmọ kan yìí lè ṣe ìṣirò, pé kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó dí i lọ́wọ́, àti pé a ní ìwé ọjọ́ mẹ́ta tí a lè fi hàn. Èyí ni a kọ dípò èyí tí a kọ tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì náà kà á, ó sì fa igi sí ọ̀rọ̀ títún kíláàsì ṣe. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọmọ náà, a mú ìwé wọ̀nyí tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, a ní kí ó má gba ọ̀rọ̀ wa, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó wò ó pẹ́. Kò sọ ohunkóhun fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọjá níbẹ̀ ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ọmọ náà wà nídìí tábìlì, ó ń ka ṣéńjì fún oníbàárà, kò sì ráyè kí wa.

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Olùkọ́ tí ó bá fi ìdánwò kan ṣoṣo dá ọmọ lẹ́jọ́, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó gbọ́, nítorí pé ìwé nìkan ni ó sọ̀rọ̀. Wíwo ọmọ níbi iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò tó. Bíbi í léèrè dára, ṣùgbọ́n ojú wa lè sọ ìdáhùn fún un. Fífi í wé ẹlòmíràn dára, bí a bá mọ ohun tí ó yàtọ̀ láàárín wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà kan kò sì wọ inú ọmọ. Láìpẹ́ a ó tú ká lọ sí ilé ìwé oríṣìíríṣìí, a ó sì fi bírò lé ẹnìkọ̀ọ̀kan wa lọ́wọ́ láti kọ nípa ọmọ ọlọ́mọ. Kí a tó kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ohun tí ọlọ́jà Trade Fair bi wá: èwo ni kí ènìyàn gbà nínú ohun tí a sọ, kí sì ni ìdí rẹ̀?